Mo Wà Lẹ́yìn Rẹ

Brọ̀dá mi Adéṣínà,

Ẹ kú ilé o. Ẹ bá mi kí màmá wa. Ṣé orúnkún tó ń dùn wọ́n ti sàn? Àlàáfíà la wà ní Spandau. Ọkọ mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní èbúté Hamburg, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan la ń rí i.

Àwọn ọmọbìnrin tí mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù básíkẹ́tì kì í bára wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá ń dáàbò bo agbọ̀n wọn. Ni mo bá kọ́ wọn, ní èdè Yorùbá, ní ohun tí ẹ máa ń ké sí mi nígbà tí a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù yìí nílé: “Mo wà lẹ́yìn rẹ!”

Lánàá, ọmọ Jámánì kan ké e ketekete. Mo yíjú pa dà kíá.

Ó ní, “Kóòṣì, ta lẹ ń wá?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ni.” Omijé sì bọ́ lójú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá kí mi lọ́dún Àjíǹde. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká fojú kanra.

Àbúrò yín,
Ìbílọlá