Ẹ Má Bá Tàíbátù Wí Lónìí

Bàbá Tàíbátù, mo ti lọ ṣọ́ọ̀bù ní Jakpa Road. Ìrẹsì yín wà nínú kúlà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ọmọ yín wí lónìí. Àṣé oògùn tó ń lò kí ẹ̀fọ́rí má baà máa kì í mọ́lẹ̀ ló ń bà á nínú jẹ́, tí àwa ń dúpẹ́ pé ọmọ wa ti gbọ́n, kì í jiyàn mọ́! Láti ìgbà tí dókítà ti pààrọ̀ rẹ̀ ni ara rẹ̀ ti ń yá. Láàárọ̀ yìí, mo ní kó fọ abọ́. Ó fọwọ́ lé ìbàdí: "Mama, I no go wash am! Na Ràhímù turn!" Mo bú sẹ́rìn-ín, mo dì mọ́ ọn.

Oògùn tuntun wà lórí fíríìjì tí ẹ fi owó Údójì rà. Kó lò ó tó bá jẹun tán.

Abọ́ ṣì wà nílẹ̀ o. Ẹ bá wa fọ̀ ọ́.

Wúlẹ̀mọ̀tù