Ọjọ́ Ìdáná Mi Ni Wọ́n Fi Eré Ìdárayá Sí

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Àdúgbò Runjin Sambo ni mò ń gbé.

Àìsàn ọkàn dá mi dùbúlẹ̀ lọ́dún yìí. Dókítà ní kí n máa wá ṣe eré ìdárayá ní ọsibítù. Àmọ́ ọjọ́ ìdáná mi ni wọ́n fún àwa obìnrin, bẹ́ẹ̀ nílé wa, ẹni tó dáná ló ni ọkọ mọ́jú. Ìyàwó kékeré ní, "Ẹ máa lọ, ìyá mi, màá bá yín dáná." Ẹlẹ́nu dídùn! Wàláì, ọkọ wa ti ń lá ọwọ́ ọbẹ̀ rẹ̀. Ni mo bá jókòó sílé.

Lánàá, àyà mi fún pinpin nídìí iná. Ìyàwó kékeré sáré dé. Ìkòkò tó fẹ́ dànù ló kọ́kọ́ gbá mú, kó tó kàn mí.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé irú ẹni yìí ni kí n gbé ìkòkò mi fún?