Okùn Kámẹ́rà Tó Dá Ìyàwó Dúró

Ilé Àlùfáà Ùmàr,
Boukoki,
Niamey, Niger.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù kọkànlá, ọdún 2008.

Bàlíkísù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti fi pamọ́ fún ọ láti ìgbà tí ààwẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀: mo ti lọ́kọ. Wọ́n ti so yìgì èmi àti Mùsílíù, ọmọ Ìlọrin kan tí wọ́n bí sí Zongo níbí. Wá ibi jókòó sí kí o tó ka ìyókù, má sì tíì bú mi.

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Ògbómọ̀ṣọ́? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́ díẹ̀? Bàbá ọmọ rẹ ńkọ́? Mùínàt, tó ń bá mi mú lẹ́tà yìí bọ̀, sọ fún mi pé ọmọ rẹ obìnrin ti ń rìn, ó sì ti ń da omi nù káàkiri ilé. Kí Ọlọ́run dá a sí fún wa. Àwa náà wà. Bàbá mi ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní ojúde, ọyẹ́ ti dé, eruku sì ti bo gbogbo ewé igi Boukoki. Ǹ bá pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n gbogbo ilé yín ni yóò gbọ́ igbe mi. Inú mi ń dùn, inú sì ń bí mi, mi ò tiẹ̀ mọ èyí tí n ó kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀.

O rántí Bàbá Àgbà, Alhaji Àbdùlsàlámì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ta aṣọ nítòsí Grand Marché, ọjà ńlá ìlú yìí. Wọ́n ti gba ilé ńlá kan sí Banifandou báyìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ aṣọ wò, tí wọ́n sì ń ká a, kí wọ́n tó kó o ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà ní Maradi. Ẹ̀rọ ló ń fa aṣọ kọjá. Èmi ni mo máa ń jókòó níwájú rẹ̀, tí mò ń wá ihò àti ibi tí àwọ̀ ti fò. Bí mo bá ti pariwo, Abdoulaye, ọkùnrin Zarma tó ń darí ẹ̀rọ náà, á dá a dúró. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ojú mi á ti pọ́n bí ata. Ihò ṣì ń bọ́ mọ́ mi lójú, àwọn ará Maradi sì ń dá aṣọ padà, ni Bàbá Àgbà bá ní àwọn fẹ́ kámẹ́rà tí yóò máa wo aṣọ dípò ojú ènìyàn.

Mùsílíù ni wọ́n ránṣẹ́ pè, nítorí ó ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Cotonou, níbi tí kámẹ́rà ti ń yẹ ìgò wò. Ó wá jókòó tì mí, ó bi mí bí ihò ṣe máa ń rí lójú mi kí n tó mọ̀ pé ihò ni. Kò sí ẹni tó bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tó wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ojú mi ni mo fẹ́, Bàlíkísù. Bí mo bá ń fọ abọ́ báyìí, ẹ̀rín ni mò ń rín.

Ohun tó ń bí mi nínú wá rèé. Kámẹ́rà ló ń rí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ló ń mọ ohun tí kámẹ́rà rí, àwòrán sì gbọ́dọ̀ gba inú okùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni Mùsílíù fi hàn wá. Okùn yúéèsìbì, irú èyí tí wọ́n fi ń so ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ kọ̀ǹpútà, kò wọ́n, ṣùgbọ́n kò gùn rárá. Okùn nẹ́tíwọọ̀kì, irú èyí tó wà ní ilé sáíbà, tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì lè ti ẹ̀yìn ilé wọ ọgbà kejì láìsí wàhálà. Okùn ńlá ni ìkẹta. Kámẹ́rà tirẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ àfi tí káàdì pàtàkì kan bá wà nínú kọ̀ǹpútà. Carte d'acquisition ni wọ́n ń pe káàdì náà níbí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gba àwòrán lọ́wọ́ kámẹ́rà bó ṣe ń sáré wọlé, kí ọ̀kankan má bàa jábọ́. Ó yára ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ kò lè rìn jìnnà. Mùsílíù ní bí kọ̀ǹpútà yóò bá wà ní ọ́fíìsì Bàbá Àgbà, tó wà lódìkejì ọgbà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí a rà. Bó bá sì jẹ́ okùn ńlá ni, kí kọ̀ǹpútà wá jókòó ti ẹ̀rọ. Mi ò kọjá girama, ọ̀rọ̀ náà sì yé mi yékéyéké.

Ṣé o mọ ohun tí Bàbá Àgbà ṣe? Wọ́n mú okùn ńlá àti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí Mùsílíù kó wá fi hàn wá, wọ́n fi ìka méjì pa wọ́n bí ẹni ń yẹ léèsì wò. Wọ́n ní, "Èyí nípọn, ojúlówó ni. Èyí dà bí òwú. Ta ló ń fi owó ra ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́?" Ọmọ ìlú wọn kan ló ń ta èyí tó nípọn, bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Wọ́n tún ní kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ kúrò ní ọ́fíìsì, kí àwọn àlejò lè máa wo àwòrán bí wọ́n bá ń mu tíì.

Mùsílíù ńkọ́? Bó bá jẹ́ oníṣẹ́ lásán ni, ì bá jà. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni wọ́n so yìgì wa, ó ti di àna wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ẹní, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bàtà lu ọkọ mi lọ́jọ́ náà.

Bó ṣe wí náà ló rí, okùn kò dé ọ́fíìsì. Bàbá Àgbà ní kí wọ́n so méjì pọ̀, ṣebí bí aṣọ kò bá tó, a máa ń rán òmíràn mọ́ ọn. Mẹ́ta ni okùn tó bá káàdì wá. Wọ́n mú méjì nínú rẹ̀ lọ fún oníná kan, ó gé e, ó sì jó o pọ̀. Láti ọjọ́ náà ni àwòrán ti ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n nínú òjò. Aṣọ oníhò tún lọ sí Maradi, ó tún padà wá. Mùsílíù ni wọ́n dá lẹ́bi. Wọ́n ní kámẹ́rà rẹ̀ kò mọ aṣọ.

Àṣẹ tí wọ́n pa lẹ́yìn ìyẹn ló dùn mí jù. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́ nípa yìgì wa, wọn ò sì ní sìn mí lọ sílé ọkọ, àfi tí ẹ̀rọ bá ríran, kí ayé má bàa sọ pé wọ́n fi ọmọ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò dúró. Ìdí tí mo fi pa ẹnu mọ́ sí ọ nìyẹn. Ọkọ mi ti kun yàrá méjì sílẹ̀ ní Zongo, èmi sì wà ní Boukoki, mò ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àbúrò mi. Abdoulaye, tó wà níbi yìgì wa, wá ń pè mí ní "amarya ba ɗaki", ìyàwó tí kò ní yàrá. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀, ó sì ń ní kí n ṣe sùúrù nírọ̀lẹ́.

Sùúrù náà tán lọ́jọ́ Ajé tó kọjá. Mo wọ ọ́fíìsì, Bàbá Àgbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú oníbàárà wọn méjì láti Maradi, wọ́n ń mu tíì níwájú àwòrán jákujàku yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Mo yọ gbogbo okùn, mo fi gèlè ṣe òṣùká, mo gbé kọ̀ǹpútà rù. Abdoulaye, tó bá mi wọlé, gbé ojú kọ̀ǹpútà náà tẹ̀ lé mi.

Bàbá Àgbà ní, "Fàìsàt, níbo lò ń gbé e lọ?"

Mo ní, "Bàbá Àgbà, ìyàwó kámẹ́rà ni. Mò ń sìn ín lọ sílé ọkọ rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ò jẹ́ kí wọ́n sin èmi lọ sí tèmi."

Àlejò kan gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Alhaji, ẹ ti fi ọmọ fọ́kọ, ẹ ò pè wá? Kí la ṣẹ̀ yín?" O mọ bí oníbàárà àtayébáyé ṣe ń bínú bí wọn ò bá pè é síbi ìyàwó.  Bàbá Àgbà fọwọ́ pa irùngbọ̀n, wọ́n ní àwọn ò tíì sìn mí lọ, àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pè wọ́n ni, wọ́n sì dá ọjọ́ lójú ẹsẹ̀.

A gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Mùsílíù fi okùn kẹta, èyí tí wọn ò gé, so ó mọ́ kámẹ́rà. Ó kan àpótí pákó bò ó, ó sì fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí ihò atẹ́gùn àpótí náà kí eruku má bàa wọlé. Àwòrán mọ́ kedere, ìlà kọ̀ọ̀kan pé. Ihò àkọ́kọ́ tí kámẹ́rà rí wà lára léèsì tí Bàbá Àgbà búra pé kò lábùkù. Ìdùnnú mú mi fò mọ́ Mùsílíù lójú gbogbo wọn.

Ǹjẹ́ o mọ ohun tí Bàbá Àgbà wá sọ fún àwọn àlejò náà? Wọ́n ní, "Ṣé ẹ rí i? Mo ti sọ pé okùn tó nípọn ni."  Ṣùgbọ́n wọn ò ráyè yẹ ọjọ́ ìyàwó mi mọ́, iwájú àwọn ará Maradi ni wọ́n ti dá a.

Bá mi kí Màmá, kí o kí bàbá ọmọ rẹ, kí o sì sọ fún Tọ̀yìbátù ọ̀rẹ́ wa pé n kò gbàgbé pé òun ló ní òun yóò di irun mi. Mùsílíù kí gbogbo yín, ó ní òun mọ̀ yín tán nínú ọ̀rọ̀ mi.

Ọjọ́ Sátidé, ogúnjọ́ oṣù kejìlá, lẹ́yìn Iléyá, ni wọn yóò sìn mí lọ sí Zongo. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà ti ń sọ̀rọ̀ kámẹ́rà kejì, àná ni mo sì rí wọn tí wọ́n tún ń fi ìka pa okùn kan. Nítorí náà, kí wọ́n má bàa tún ní kí n dúró de ẹ̀rọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó di ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo yín pátá gbọ́dọ̀ ti wọ Niamey ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kejìlá.

Èmi ni tìrẹ, ìyàwó Mùsílíù,
Fàìsàt