Ibi Tí Bàbá Ti Ń Dáhùn

Ọjọ́ Ajé, 3 Nòfẹ́ńbà 2025. Lurup, Hamburg.

Ìwé ìkéde dé lónìí láti Berlin. Ìyá Fìtílà ló fi í ránṣẹ́. Emilia lorúkọ ẹ̀, òun ló ni gbọ̀ngàn orin kékeré kan ní Neukölln. Èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn, torí kìkì fìtílà wínníwínní ló wà níbẹ̀, èèyàn ò lè rí ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Gbogbo eré orin oṣù yìí ló wà lórí ìwé náà: àwọn ará Ireland onífèrè, àwọn obìnrin tó ń ta gòjé òyìnbó, ọkùnrin kan tó ń kọ orin kọ́ńtírì bí ará Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn wọn lèmi: Ayonike Laoye, Brautklage aus Nigeria. Ẹkún ìyàwó ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kò sí àmì kan lórí orúkọ mi. Ó dà bí orúkọ ẹlòmíì.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Aṣọ ni mo ń rán ní tíátà kan níbí. Níbi àpèjẹ àwọn òṣìṣẹ́, mo mu wáìnì, mo kúnlẹ̀ sáàárín ilé, mo sun ẹkún ìyàwó díẹ̀ fún wọn. Ìyá Fìtílà wà níbẹ̀. Látọjọ́ náà ni ò ti jẹ́ kí n gbádùn.

Ìyá mi ló kọ́ mi ní Ìsẹ́yìn, nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọge. Ọjọ́ tí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ ló ń sun ún. Á kúnlẹ̀ fún ìyá àti bàbá ẹ̀, á sọ tinú ẹ̀, wọn á súre fún un, á wá máa lọ. Èmi ò sun tèmi. Mo ti lé láàádọ́ta ọdún, mo wá fẹ́ lọ sun ún fún àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ ò rí ayé mi.

Ọjọ́rú, 5 Nòfẹ́ńbà.

Akínfẹ́mi, àbúrò mi, pè láti Ìsẹ́yìn. Alágídí ò lè dìde mọ́. (Bàbá wa ni mò ń pè bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí, mi ò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ níta.) Apá ọ̀tún ti kú, ògì ni wọ́n ń fi ṣíbí bù sí i lẹ́nu, ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu ẹ̀ mọ́. Ọsibítù ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ nígbà tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀.

Mo bi Akínfẹ́mi pé ṣé ó béèrè mi. Ó ní ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn, òun á tún pè.

Ọjọ́bọ̀, 6 Nòfẹ́ńbà.

Òjò látàárọ̀. Ọ̀fun ń dùn mí. Mo lá oyin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Nòfẹ́ńbà. Nínú ọkọ̀ ojú irin, Berlin sí Hamburg.

Ìdánrawò. Mo débẹ̀ kí wọ́n tó tan àwọn fìtílà yẹn, mo sì rí gbọ̀ngàn náà bó ṣe rí gan-an: ibi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì tẹ́lẹ̀, ògiri ṣì dúdú lápá kan. Mo sun ún láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo dé ibi tó ń pa mí:

Ìyá mi, mo dúpẹ́ ọmú,
Bàbá mi, mo dúpẹ́ orúkọ.
Mò ń lọ, mi ò sá lọ.
Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n dá jáde,
Ẹ fohùn sìn mí dẹ́nu ọ̀nà.

Mo wá dákẹ́. Ibẹ̀ ni bàbá ti ń dáhùn. Ọmọ ò gbọdọ̀ lanu títí bàbá á fi súre tán, ẹ̀yìn ìyẹn lá tó dìde, tí á kọ ìyókù. Mo fi àyè náà sílẹ̀ bí ìyá mi ṣe kọ́ mi.

Ìyá Fìtílà ní ìdákẹ́jẹ́ ọ̀hún ti pẹ́ jù. Ó ní kóun ta dùùrù díẹ̀ síbẹ̀. Mo kọ̀. Ó ní ó dáa, kí n ṣàlàyé fáwọn èèyàn kí n tó bẹ̀rẹ̀, pé bàbá ló yẹ kó sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé orin ti parí. Ìyẹn náà, mo kọ̀. Bí mo bá ṣàlàyé, wọn á fẹ́ mọ ibi tí bàbá tèmi wà. Mi ò lè dúró níwájú àwọn àjèjì kí n máa ro ìyẹn fún wọn. Mo ní wọn á mọ̀. Ó wò mí. Kò bá mi jiyàn mọ́.

Òkùnkùn lójú fèrèsé látìgbà tá a ti kúrò ní Spandau. Ẹsẹ̀ mi tutù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Nòfẹ́ńbà.

Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí n sinmi.

Standesamt, ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń so èèyàn pọ̀, ni èmi àti Olúsọjí ti ṣègbéyàwó, ní Altona. A ò sọ fún ilé. Ó ti níyàwó rí, wọ́n ti kọ ara wọn. Mo mọ̀ pé Alágídí ò ní fẹ́ gbọ́. Mo ní tá a bá ti ṣe é tán, á gbà. Fọ́tò wa ló kọ́kọ́ délé, ọ̀rẹ́ kan tó lọ kí àwọn èèyàn ẹ̀ ló mú un lọ. Ahunṣọ ni bàbá mi. Òfì tó ti ń hun sílẹ̀ de ìgbéyàwó mi, ó gbé e lọ sọ́jà, ó tà á. Ó ní, "Ẹni tó fa ara ẹ̀ fọ́kọ, kó súre fún ara ẹ̀." Látọjọ́ náà, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá mi ló ń gba fóònù. Nígbà tí ìyá mi kú, ó di Akínfẹ́mi.

Oyún ò dúró lára mi. Olúsọjí náà ò dúró. Rothenburgsort ló ń gbé báyìí, létí omi — Ará Odò ni mò ń pè é. Àwọn tó lajú á ní àìsúre bàbá ò kan ìyẹn. Èmi gbà pé ó kàn án. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbà bẹ́ẹ̀.

Mo pe Akínfẹ́mi nírọ̀lẹ́ yìí. Mo ní lọ́jọ́ eré orin, kó di fóònù mú síwájú Bàbá, fóònù tèmi á wà lórí àpótí níwájú mi. Kó rí mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Kó dáhùn, tó bá wù ú. Tí ò bá wù ú — ó kéré tán, á gbọ́ ọ kó tó lọ. Akínfẹ́mi lóun á bi í wò.

Ọjọ́rú, 12 Nòfẹ́ńbà.

Kò pè.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Nòfẹ́ńbà.

Ó pè. Ó ní òun béèrè, Bàbá kọjú sógiri. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má tíì kà á sí rárá," ló sọ. "Tá a bá fún wọn lómi náà, ìgbà mìíì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Ọmọ dáadáa ni.

Mo bá Ará Odò pàdé ní ibùdókọ̀ Altona. Irùngbọ̀n ẹ̀ ti funfun. Wọ́n ti sọ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì pé mo fẹ́ kọrin ní Berlin. Ó bi mí pé orin wo. Mo sọ. Ó wolẹ̀. Ó ní àwa méjèèjì ló yẹ ká jọ kúnlẹ̀ fún bàbá mi nígbà yẹn. Mo bi í pé kí ló dé tí ò sọ ọ́ nígbà yẹn. Bọ́ọ̀sì mi dé. Mo sunkún dé Lurup, obìnrin Tọ́kì kan na tíṣù sí mi. Inú bí mi pé mo sunkún lójú èrò.

Ọjọ́ Ajé, 17 Nòfẹ́ńbà.

Ìyá Fìtílà pè. Àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì tèmi ò kún bẹ́ǹṣì kan. Ti ọlọ́kọ́ńtírì ti tán pátá. Ó fẹ́ kí n wá kọrin lálẹ́ tiẹ̀, lọ́jọ́ Ẹtì yìí, kí n ṣíwájú ẹ̀. Onífìlà ni mo sọ ọkùnrin náà. Ará Köpenick ní Berlin níbẹ̀ ni, Matthias ni wọ́n sọ ọ́, ó sọ ara ẹ̀ di Matthew. Fìlà ẹ̀ tó agboòrùn. Àwọn tó ń wá wò ó máa ń mu bíà, wọ́n máa ń súfèé. Mo ní mi ò ṣe. Ẹkún mi kọ́ ni wọ́n máa fi ṣe ìpanu kí oúnjẹ tó dé.

Ó ní kí n ronú sí i. Ó ní tí mo bá kọ̀, kò sí bóun ṣe fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún èèyàn díẹ̀ yẹn.

Ọjọ́rú, 19 Nòfẹ́ńbà.

Mo ti kọ ọ́ sínú fóònù fún Ìyá Fìtílà pé mi ò wá mọ́. Ó ku kí n fi ránṣẹ́ nígbà tí Akínfẹ́mi pè. Ó ní bóun ṣe ń nu ara Bàbá láàárọ̀, Bàbá lanu. Ó ní, "Aago mélòó?"

Akínfẹ́mi ò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń béèrè. Ó tún un sọ. Aago mélòó ni ọmọ náà máa sun ún.

Ọmọ náà. Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́. Mo ní ọjọ́ Ẹtì, aago méje. Aago wa àti tiwọn dọ́gba báyìí tí wọ́n ti yí tibí padà. Mo pe Ìyá Fìtílà, mo ní mo gbà, èmi àti Onífìlà. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 20 Nòfẹ́ńbà.

Mo fi omi iyọ̀ fọ ọ̀fun. Mo kúnlẹ̀ nílé ìdáná wò. Orúnkún mi ń ké.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Nòfẹ́ńbà.

Àná. Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà. Bíà, fìlà, bàtà onígìgísẹ̀. Onífìlà fúnra ẹ̀ wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí n má bẹ̀rù, àwọn èèyàn òun ò burú. Wọn ò burú lóòótọ́.

Ìyá Fìtílà gbé fóònù mi ka orí àpótí. Ojú Bàbá kún inú ẹ̀. Ó ti rù. Àfi nínú fọ́tò, mi ò rí ojú yẹn látìgbà tí mo ti kúrò nílé. Ojú ọ̀tún ti sọ̀ kalẹ̀, tòsì ń wò mí. Akínfẹ́mi ní iná ti lọ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni mò ń gbọ́ yẹn. Òun ti yí ohùn fóònù sókè dópin kí Bàbá lè gbọ́.

Mo kúnlẹ̀. Mo sun ún. Mi ò sun ún bẹ́ẹ̀ rí, ohùn ìyá mi ló ń jáde lẹ́nu mi. Wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́, tàwọn tìfìlà wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fohùn sìn mí dẹ́nu ọ̀nà. Mo dákẹ́. Mò ń wo fóònù.

Ó lanu. Mo rí i tí ètè òsì ń fa ètè ọ̀tún dání. Ó ń sọ̀rọ̀.

Ni wọ́n bá pàtẹ́wọ́.

Wọ́n rò pé mo ti parí. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n dìde, wọ́n ń fẹsẹ̀ kilẹ̀, wọ́n ń súfèé. Mo nawọ́ sí wọn pé kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n rò pé mò ń dúpẹ́ ni, ariwo tún pọ̀ sí i. Ẹnu Bàbá ṣì ń lọ. Mo gbé etí lé fóònù. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo fi máa wojú ẹ̀ padà, ó ti panu dé. Ìpè náà sì já.

Mi ò kọ ìyókù. Mo dìde, mo wọlé. Onífìlà bọ́ síta, ó bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Nòfẹ́ńbà.

Òní làwọn ará ibí ń rántí òkú wọn. Àdúgbò pa rọ́rọ́. Àwọn arúgbó di òdòdó mú nínú bọ́ọ̀sì. Mi ò lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo rí Akínfẹ́mi bá sọ̀rọ̀ níkẹyìn. Mo ní kí ni Bàbá sọ. Ó ní ariwo tó bú jáde nínú fóònù yẹn, díẹ̀ ló kù kóun jù ú sílẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ tún ń ké. Òun rí i pé Bàbá ń sọ̀rọ̀, òun tẹ̀ mọ́ wọn, òun ò bá nǹkan kan mọ́. Òun bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n dijú.

"Ṣé ojú wọn le?" ni mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ojú wọn ò lè ṣe nǹkan kan mọ́."

Mo ní kó tún bi í lọ́la.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Nòfẹ́ńbà.

Bàbá mi ti lọ. Àfẹ̀mọ́jú òní ni. Wọn ò tún sọ nǹkan kan.

Ọjọ́bọ̀, 27 Nòfẹ́ńbà.

Ìyá Fìtílà fi ohun tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ránṣẹ́. Ó ní àwọn èèyàn ṣì ń sọ̀rọ̀ mi. Ó fẹ́ kí n wá ní oṣù Kẹta, èmi nìkan, kí n sì fi ìdákẹ́jẹ́ yẹn síbẹ̀, pé ibẹ̀ ló dùn jù. Kò mọ̀ pé bàbá mi kú. Mi ò tíì sọ fún un.

Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ títí etí fi ń dùn mí. Àtẹ́wọ́ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Nòfẹ́ńbà.

Àwọn ẹbí ṣèpàdé ìsìnkú ní Ìsẹ́yìn. Akínfẹ́mi sáré pè mí kí wọ́n tó pè mí. Ó ní wọ́n bi òun lójú gbogbo ilé bóyá Bàbá àti èmi parí ìjà. Tí a ò bá parí ẹ̀, wọn ò ní kà mí mọ́ àwọn ọmọ olóòkú. Òun ti dáhùn.

"Mo sọ fún wọn pé Bàbá súre fún yín. Mo ní wọ́n ní kẹ́ ẹ máa bọ̀ wálé, pé ohun tẹ́ ẹ bá dáwọ́ lé á yọrí."

Mo ní, "Akínfẹ́mi, o ò gbọ́ ọ."

"Mi ò gbọ́ ọ, Ẹ̀gbọ́n mi."

Kò bẹ̀ mí pé kí n gbè é. Èmi náà ò sọ pé mi ò ní gbè é.

Nírọ̀lẹ́ ni Bàbá Adéọpẹ́, àbúrò bàbá mi, fúnra wọn pè. Gbogbo ilé wà lẹ́yìn wọn, mò ń gbọ́ àwọn ìyàwó ilé tó ń yọ̀, ẹnì kan ń kì mí. Wọ́n ní bàbá mi ò bínú mi lọ. Wọ́n tún àdúrà náà kà fún mi, bí Akínfẹ́mi ṣe to ó. Ó dùn. Ó dà bí ohun tí Bàbá lè sọ. Ó tún dà bí ohun tí wọn ò lè sọ láéláé. Ẹnu mi ti fẹ́ là, kí n ní irọ́ ni, kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan.

"Ayọ̀níkẹ́, o ò ní í ṣàṣẹ ni?"

Mo ní, "Àṣẹ."

Wọ́n ní mo ti dọmọ ilé padà, kí n tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì. Inú gbogbo wọn ń dùn. Èmi àti Akínfẹ́mi nìkan la mọ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tí bàbá wa sọ.