Ìwé Ìdìbò Ẹni Tí Kò Sí Nílé

Junior ọmọ mi,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì mú ọ? Èmi ń bẹ láàyè, orúnkún nìkan ló ń ṣe bó ṣe wù ú. Ọlọ́run tó pa ọ́ mọ́ láti Alabama dé Chicago kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ.

A rí ọ o. Arnetta aládùúgbò wa gbé fóònù rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wa sì wo ìjíròrò tí ẹ ṣe ní yunifásítì yín lórí ọlọ́pàá, àwọ̀ ara àti ìdìbò ààrẹ. O wọ súẹ́tà tí mo hun. Ọmọbìnrin tó ń darí yín ní kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù, pé yàrá tí kò séwu lẹ wà. Ọkàn mi balẹ̀, àfi ìgbà tí mo délé tí mo wá ń rò ó pé ṣé yàrá kan ṣoṣo ni kò séwu nínú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ olówó gọbọi yẹn? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, jọ̀ọ́, ibẹ̀ ni kí o máa sùn.

O ní ọ̀kan náà ni gbogbo ọlọ́pàá. Arnetta wò mí lójú, nítorí ọdún mọ́kàndínlógún ni bàbá rẹ fi wọ aṣọ yẹn. N kò bínú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dá òun náà dúró lọ́nà Montgomery, tòun ti kóòtù tó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi lọ́rùn, tí wọ́n ní kó gbọ́wọ́ lé ọkọ̀. Ó ní wọn kò mọ òun ni. Mo ní àwọ̀ tí wọ́n mọ̀ náà ni wọ́n dá dúró.

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìwé kan dé, wọ́n kọ orúkọ bàbá rẹ, Hosea Tolliver, sí i, wọ́n kọ ọ́ sókè pé ìwé ìdìbò ẹni tí kò sí nílé. Mo jókòó, mo sunkún. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí a sin bàbá rẹ, ìjọba ṣì rántí pé kò pa ìdìbò kan jẹ rí! Mo mú gègé láti bá a yàn, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé n kò mọ ẹni tí ì bá yàn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí a fi jẹ́ tọkọtaya, kò sọ fún mi rí. Mo yan ẹni tí èmi fẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ kó má bínú.

Mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìdìbò, kí n béèrè ibi tí wọ́n ti ń buwọ́ lùwé fún òkú. Ìyáàfin Dabney, aláwọ̀ funfun tó wà níbẹ̀, bi mí pé Hosea dà. Mo ní ó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lábẹ́ igi. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ní Mama, òkú kì í dìbò níbí mọ́. Rufus ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí bàbá rẹ kọ́ níṣẹ́, rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní Mama Tolliver, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi ẹ̀wọ̀n sí yín lọ́wọ́ o, ọ̀gá mi á jí dìde wá nà mí. Obìnrin náà wá fi ọ̀rọ̀ Junior hàn mí ní ìparí orúkọ náà, ó kéré bí èèrà, ó ní ẹni tó rìnrìn àjò ni wọ́n ń fi irú ìwé yìí ránṣẹ́ sí kó lè dìbò láti ibi tó wà. Ìwọ tí o ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ ló ni ín! Ìwọ tí o fi wákàtí méjì kọ́ gbogbo ayé bí a ti ń dìbò, àdírẹ́sì ilé wa níbí lo fún wọn dípò ti Chicago.

Wọ́n ti fagi lé e. Kò sáyè láti fi òmíràn ránṣẹ́ mọ́. Àfi kí o wá fúnra rẹ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbò àkọ́kọ́ tí o máa dì láyé rẹ ti lọ nìyẹn, èmi ni mo sì bà á jẹ́. Dárí jì mí. Nínú owó tí wọ́n ń san fún ọ ní ilé ìkàwé, ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. Èyí tí o máa ń fi ránṣẹ́ sí mi lóṣooṣù, fi kún un.

Wọ́n ní ìlà á gùn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń dìbò, bàbá rẹ ló máa ń dúró níwájú mi, tó ń fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣíji bò mí.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà. Ọlọ́pàá tó bá dá ọ dúró, kó jẹ́ ẹni tí ìyá tirẹ̀ náà ń retí nílé. Má bá mi jiyàn lórí fóònù o. Máa bọ̀ níbí, kí o wá jiyàn.

Ìyá rẹ,
Verlene