Ihò Méje Tí Ẹ Dí

Bàámi, ẹ káàárọ̀.

Ẹ má bínú pé mi ò jí yín kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ sọ ohun tí màá tún wá kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún.

Nígbà tí òjò dá láàárọ̀ yìí, mo rí i pé ògiri tó dá ilẹ̀ òkè dúró lẹ́yìnkùlé ti yọkùn. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀. Ẹ ti fi sìmẹ́ńtì dí ihò méjèèje tí omi ń gbà jáde. Màámi ní ẹ sọ pé omi náà ń ba ọ̀dà tí ẹ fi kun ògiri jẹ́.

Ọ̀dà, Bàámi. Irin tí mo fi sínú búlọ́ọ̀kù ògiri yẹn nígbà tí mo kọ́ ọ, ilẹ̀ ni mo ṣírò rẹ̀ fún, mi ò ṣírò rẹ̀ fún odò. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọgbọ̀n ọdún ṣe bíríkìlà lẹ sì kọ́kọ́ kọ́ mi pé omi tó bá há sẹ́yìn ògiri ló ń tì í wó.

Mo ti fi òòlù ṣí mẹ́ta. Omi tó ya jáde rin mí gbingbin, àfi kí n pààrọ̀ aṣọ. Mò ń kó àwọn òṣìṣẹ́ bọ̀ lọ́sàn-án wá ṣí mẹ́rin tó kù. Ẹ má dé ibẹ̀ rárá.

Mo ti gbé àga tí ẹ máa ń gbé sábẹ́ ògiri náà wọlé. Mo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò mi. Mo mọ̀ pé ẹ máa bú mi. Ẹ ṣáà dúró dè mí. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí n dé, kí n bá ẹni tó máa bú mi nílé.