Ọkọ̀ Tó Fun Fèrè sí Àbúrò Mi

Torgunn ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Bí ìwé yìí bá bá ọ nílé, kó bá ọ nínú ara líle. Bó bá bá ọ níbi iṣẹ́, kó má bá ọ nínú ìjà pẹ̀lú ọ̀gá rẹ. Ọlọ́run tó ń dá oòrùn padà sí Nesvika níbí lẹ́yìn òkùnkùn ọdọọdún kò ní jẹ́ kí òtútù Oslo wọ inú eegun rẹ. Ṣé ọkọ rẹ ń jẹun dáadáa? Ṣé ikọ́ ọmọ náà ti lọ? Èmi wà, mi ò kú, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí, ọmọ mi. Láti àná ni mo ti ń kọ ìwé yìí, tí mo bá kọ ìlà mẹ́ta, mo máa sinmi.

Àwọn àgùntàn bí mọ́kànlá, ọ̀kan kú, a dúpẹ́ nítorí mẹ́wàá. Borghild ilé kejì ti ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí, ó ń rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n abẹ kò kan ẹnu rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù abúlé kò ní ẹni tó ń tajà mọ́, ẹ̀rọ kan ni wọ́n gbé síbẹ̀. Mo kí i káàárọ̀, ó ní kí n gbé ọjà mi sílẹ̀, kò tilẹ̀ béèrè àlàáfíà mi.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi tí o ní kí n wọ̀ kí n lè sinmi ni mo fẹ́ sọ. O ní kí n máa wo ẹwà etíkun títí dé òkè àríwá, kí n má fọwọ́ kan nǹkankan. O ṣeun, Ọlọ́run á san án fún ọ, ṣùgbọ́n ìsinmi yẹn le ju iṣẹ́ lọ. Mo wá tíkẹ́ẹ̀tì tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù títí, àfi èèrà dúdú tí wọ́n há mọ́ inú àpótí kan ni mo rí. Borghild ní tíkẹ́ẹ̀tì gan-an nìyẹn. Ni mo bá fi aṣọ wé fóònù náà, mo gbé e pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé èbúté, kí àwọn èèrà náà má bàa fọ́nká.

Wọ́n tún fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n béèrè ohun tí ara mi kì í gbà, mo kọ ọ́ pé àtẹ̀gùn, àti ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ kí n tó mu kọfí. Wọ́n béèrè ẹni tí wọ́n á pè bí nǹkan bá ṣe mí, mo kọ orúkọ rẹ, mo fi kún un pé kí wọ́n má pè ọ́ kí aago mẹ́rin tó lù, o wà níbi iṣẹ́, màá rọra máa kú dè ọ́.

Mo ra kọfí àti kéèkì nínú ọkọ̀. Mo fa owó yọ, ọmọbìnrin tó ń tà á ní àwọn kì í gba owó. Mo ní kí ìyá rẹ̀ pẹ́ fún un, mo gbé kọfí mi lọ. Ó sá tẹ̀ lé mi, ó ní káàdì ni àwọn ń gbà. Ọkùnrin ará Jámánì kan ló na káàdì tirẹ̀ sí ẹ̀rọ kan láti sanwó fún mi, ẹ̀rọ náà sì ké. Mo rò pé ó ti ba káàdì ẹni ẹlẹ́ni jẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ títí ojú fi tì í.

Wọ́n kó gbogbo wa jáde lọ wo òkè. Òkè tí mo ń rí lójú fèrèsé mi láti ìgbà tí mo ti délé ọkọ, òun náà ni wọ́n ń kígbe sí. Wọ́n ya ẹyẹ ní fọ́tò, wọ́n ya igi tí a fi ń sá pánlá. Obìnrin kan ní òkun yìí mà rẹwà o. Ọdún mẹ́rìnlélógójì ni bàbá rẹ lò lórí omi yẹn, kò sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ó rẹwà, ó ní ó tutù. Mo kàn jókòó, gbogbo eegun tí mo fi fa àwọ̀n rí bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ohùn kan sì ń sọ̀rọ̀ láti inú àjà ní èdè mẹ́ta. Níbẹ̀rẹ̀ mo ń dá a lóhùn, nígbà tó yá mo jẹ́ kó máa dá sọ ọ́.

Àfi bí ohùn náà ṣe ní erékùṣù tó wà lọ́wọ́ òsì wa ni Skarvøya, kò sí ẹ̀dá alààyè kan níbẹ̀ láti àádọ́ta ọdún.

Torgunn, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ náà ni Ingvald àbúrò mi padà sí lóun nìkan lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Mi ò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún ọ rí. Ìyá ní kí a sin òun sí Skarvøya lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa. Ìjì jà fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ọkọ̀ kò lè kọjá, ó rẹ̀ mí, mo ní kí àlùfáà sin ín sí Nesvika níbí. Kí Ingvald tó ti ojú òkun dé, iyẹ̀pẹ̀ ti bò ó. Ó ní mo ti gbé ìyá òun jù sáàárín àjèjì. Ọdún mọ́kànlá rèé, kò bá mi sọ̀rọ̀, lẹ́tà mẹ́rìndínlógún ni mo kọ, kò fèsì ọ̀kan. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó ṣì wà láàyè.

Mo wo ilé wa tó wà níbẹ̀, èéfín kò jáde. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo wá ẹni tó ni ohùn àjà yẹn kàn, ọmọbìnrin kan tó mú ìwé dání ni. Mo ní àbúrò mi ń gbé ibẹ̀. Ó ní ìwé ní kò sí èèyàn. Mo ní ṣé ẹni tó kọ ìwé náà kan ilẹ̀kùn wò? Ariwo wa ló gbé ọ̀gá ọkọ̀ jáde, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun. Ó ní Màmá, ọmọ ta ni yín? Mo ní ọmọ Hartvig tó ń sá pánlá ní Skarvøya. Ó ní baba òun ra pánlá lọ́wọ́ rẹ̀ rí, kò rẹ́ ẹ jẹ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí lẹ wá fẹ́? Mo ní kó fun fèrè ọkọ̀, kí n lè mọ̀ bóyá àbúrò mi wà. Ó ní ẹ̀ẹ̀melòó? Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta, torí ẹ̀ẹ̀kan á dà bíi pé ó ṣèèṣì ni.

Ó fun ún. Àwọn ẹyẹ tú dìde lórí àpáta. Ẹ̀ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó jáde. Ẹ̀ẹ̀kejì, pàbó. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta mo ti di irin ọkọ̀ mú, mo ń sọ fún ara mi pé Alfhild, o ti jókòó sílé pẹ́ jù kí o tó wá a. Ni ilẹ̀kùn ahéré tí a ń kó ọkọ̀ sí bá ṣí, ọkùnrin kan jáde, bàtà wà lẹ́sẹ̀ kan, kò sí ní ìkejì. Ìrìn Ingvald ni. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́ sí i, Ingvald tí kì í fẹ́ kí ẹni méjì wo òun lẹ́ẹ̀kan náà. Kò juwọ́ padà. Ọwọ́ tèmi náà kọ̀, kò gbé. Mo pe orúkọ rẹ̀, atẹ́gùn gbé e lọ síbòmíràn. Mo padà sórí àga, mo sùn lọ, ará Jámánì yẹn ló fi aṣọ bò mí. Gbogbo ẹwà tó kù tí o sanwó rẹ̀, mi ò rí i, má bínú.

Lọ́jọ́ kẹta tí mo délé, mo ń bó ọ̀dùnkún nígbà tí ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Ingvald ni, ó wọ kóòtù dúdú, wákàtí méje ló fi wa ọkọ̀ kékeré rẹ̀ dé. Ó wò mí, ó wo ọ̀bẹ ọwọ́ mi, ó ní Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò kú. Mo ní ta ló ní mo kú? Ó ní ọkọ̀ fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Háà! Nígbà èwe wa, bí ọkọ̀ bá gbé òkú ará Skarvøya bọ̀ wálé, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń fun. Èmi ti gbàgbé, òun kò gbàgbé. Ó ní òun dúró kí wọ́n gbé mi sọ̀kalẹ̀, ọkọ̀ sì kọjá lọ, kò sì dúró nígbà tó ń padà. Ó ní òun fi ọjọ́ méjì gbẹ́ ilẹ̀ dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa, òun wá gbé mi lọ sílé ni.

Mo ní kó wọlé, ọ̀dùnkún máa tó jinná.

Ó jẹun, lẹ́yìn náà ó ní kí n mú òun lọ síbi tí ìyá wà. Ó dúró níbẹ̀ pẹ́, ó ní òkun hàn láti ibí. Mo ní ìdí tí mo fi mú ibẹ̀ nìyẹn, ó wà nínú lẹ́tà kejì. Ó ní gbogbo lẹ́tà náà wà lọ́wọ́ òun, òun kò tíì ṣí ọ̀kan kà rí. Ó kó wọn wá. Ó wà lókè àjà báyìí, ó ń ka ìkeje, ó ń pariwo béèrè ìtumọ̀ ìkọ̀wé mi.

Ọmọ mi, fi ẹgbẹ̀rún méjì kroner ránṣẹ́ fún epo ọkọ̀ àti bàtà fún Ingvald. Báńkì ibí ti tilẹ̀kùn, wọ́n ní inú afẹ́fẹ́ ni owó wà báyìí, atẹ́gùn wa sì le, fi sínú àpòòwé. Èmi náà máa bá a lọ sí Skarvøya fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní ihò tí òun gbẹ́ yẹn, ilẹ̀ rẹ̀ dára, kò yẹ kó ṣòfò, a máa gbin ọ̀dùnkún sí i.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ó rẹ̀ ọ́ kó tó yẹ. Kí àwọn tó fẹ́ràn rẹ máa wá bá ọ lójú ayé rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí kò tíì kú,
Alfhild